Lésà àti Èjìká Ríro

Obìnrin tó ń yan gàrí ní Eko Ende, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lẹ́yìn odi Ìnísà, àti télọ̀ tó tẹrí ba sídìí máṣíìnì ní Òkukù, èjìká ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú ní èjìká. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn, tí ọjọ́ orí sì ń gòkè, ibi tí wọ́n ti so mọ́ egungun lè gbó tàbí kí ó wú. Ìgbà náà ni ènìyàn kò ní lè gbọ́wọ́ sókè wé gèlè, tí kò sì ní lè fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn sùn.

Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onífisiọ, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ẹ̀rọ tọ́jú ara, fi ń tọ́jú irú èjìká bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ lésà. Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1967, dókítà kan ní Budapest, Endre Mester, tàn án sára àwọn eku tí wọ́n ti fá irun wọn, ó sì rí i pé irun wọn tètè hù. Láti ibẹ̀ ni èrò pé lésà lè ran ara lọ́wọ́ ti gbilẹ̀. Kì í ṣe lésà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ là ń wí o. Agbára lésà ti onífisiọ kéré, kì í jóni. Onífisiọ àti aláìsàn á wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, wọ́n á gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé ojú ibi tó ń dùn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún sún un sí ibòmíràn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2016, àwọn olùṣèwádìí àjọ Cochrane, tó máa ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, yẹ ìwádìí 47 wò lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn iṣan èjìká. Wọ́n ní lésà lè dín ìrora kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nítorí náà, igbákejì ni mo ka lésà sí; eré ìdárayá èjìká ni ọ̀gá. Ẹlòmíràn á ní òun mọ ẹni tí lésà wò sàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èjìká ríro ló máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùṣèwádìí fi ń gbé ẹ̀rọ tí kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan lé èjìká àwọn kan, kí wọ́n lè fi wé ti àwọn tó gba lésà gidi. Ẹlòmíràn á ní apá tó ń dùn, ìsinmi ló yẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ó sinmi lọ́wọ́ ẹrù wíwúwo, ṣùgbọ́n apá tí a kò gbé rárá a máa gan. Kí aláìsàn fi ọwọ́ tí kò dùn ún di tábìlì mú, kó tẹ̀ síwájú, kó jẹ́ kí apá tó ń dùn rọ̀ wálẹ̀, kó sì máa jù ú síwá-sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti ń fúyẹ́, kó máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Èyí kò gba iná mànàmáná, kò sì gba owó.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ṣubú tí kò lè gbápá mọ́, tàbí tí ibà bá èjìká ríro náà rìn, tàbí tí àyà ń dùn ún pọ̀ mọ́ èjìká, kó tètè lọ rí dókítà. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ tàbí tó lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó tan lésà sí i lára. Ẹni tó bá sì wọkọ̀ láti Ìkìrun lọ rí onífisiọ ní Òṣogbo tàbí Ifẹ̀, kó tó sanwó lésà, kó kọ́kọ́ béèrè pé eré ìdárayá wo ni òun yóò máa ṣe nílé, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, àti fún ọ̀sẹ̀ mélòó.