Ìlò ‘Ago’ nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Ohun tí Olùkọ́ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ nípa ‘Ti’ àti ‘Ìjẹta’

1. Ìfáàrà

Nígbà tí a lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó. Ọjọ́ Ẹtì ni. Àmì ìràwọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ń fi hàn pé kò tọ̀nà:

(1) *Our principal has travelled three days ago.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ lọ fa igi lé ‘has’, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí a bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè ohun tó ní lọ́kàn, èsì rẹ̀ ni pé:

(2) Ọ̀gá wa ti rin ìrìn àjò níjẹta.

Ọjọ́rú ni ọ̀gá náà lọ. Àṣìṣe méjì ló wà nínú gbólóhùn (1), ẹyọ kan ṣoṣo ni olùkọ́ náà rí. Èyí tí kò rí ló léwu jù, nítorí pé bí a tilẹ̀ yọ ‘has’ kúrò tí gírámà rẹ̀ sì gún, irọ́ ni gbólóhùn náà ṣì ń pa. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé inú òfin èdè Yorùbá ni àṣìṣe méjèèjì ti wá, àti pé olùkọ́ tó mọ òfin èdè méjèèjì ló lè fà wọ́n tu láti gbòǹgbò.

2. Ipò àti ìtumọ̀ ‘ago’

Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé atọ́ka àsìkò ni ‘ago’. Ẹ̀yìn iye àkókò ló máa ń wà: two days ago, a long time ago. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá, nítorí ipò kan náà ni ‘sẹ́yìn’ wà nínú ‘ọjọ́ méjì sẹ́yìn’. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ni pé láti ìsinsìnyí ni ‘ago’ ti ń ka àkókò padà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ láti ìgbà mìíràn tó ti kọjá ni a ti ń kà, ‘before’ ni à ń lò:

(3) a. Ade said, “I saw Ojo two days ago.”
b. Ade said that he had seen Ojo two days before.

‘Ṣáájú’ ni Yorùbá fi ń sọ irú (3b): Adé ti rí Òjó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà.

3. ‘Ago’ àti ‘ti’

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn Yorùbá wọ̀nyí:

(4) a. Mo ti rí i lánàá.
b. Mo ti san owó náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Wọn kò ní àléébù kankan. ‘Ti’, tí í ṣe atọ́ka ibá ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán, lè bá ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí ìgbà pàtó tó ti kọjá gbé inú gbólóhùn kan. ‘Has’ àti ‘have’, tí a sábà fi ń túmọ̀ rẹ̀, kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀:

(5) a. *I have paid the money two weeks ago.
b. I paid the money two weeks ago.
c. I have paid the money.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà lè ràn wá lọ́wọ́. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí ‘kọjá lọ’ ni ‘ago’ ti wá. Ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ipò tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni ‘have’ ń sọ. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá jẹ́ ‘Nígbà wo lo san án?’, (5b) ni èsì. Bí ó bá jẹ́ ‘Ṣé o ti san án?’, (5c) ni èsì.

4. ‘Ago’ àti ìṣirò ọjọ́ Yorùbá

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ iye. ‘Ago’ kì í kà á. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì:

(6) a. Ọjọ́bọ̀: àná — yesterday
b. Ọjọ́rú: ìjẹta — two days ago
c. Ìṣẹ́gun: ìjẹrin — three days ago

Ẹtì ni ọjọ́ kìn-ín-ní, Ọjọ́bọ̀ ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta. Ìdí nìyí tó fi ń jẹ́ ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún. Ẹni tó bá wà ní ọdún 2025 yóò pe 2024 ní èṣí, yóò pe 2023 ní ìdúnta, èyí tí í ṣe two years ago, yóò sì pe 2022 ní ìdúnrin, èyí tí í ṣe three years ago.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n kà. Ìlànà tó gún régé ni. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí a ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a ó tún ná an. Orúkọ ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá, èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló tún ń padà wá di ìkarùn-ún. Òun náà ló fà á tí ‘òní ọlọ́jọ́ mẹ́jọ’ fi bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òfin ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú iye Yorùbá. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ lè ṣi ni lọ́nà. Bí ìyá kan bá sọ nílé ìwòsàn pé ìjẹta ni ibà mú ọmọ òun, tí ògbufọ̀ sì sọ pé three days ago, ó ti fi odidi ọjọ́ kan kún àìsàn ọmọ náà. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù lè di òpùrọ́ láìpurọ́. Ẹ sì rántí pé ‘ọjọ́ mẹ́ta’ inú ‘ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta’ kì í ṣe iye rárá. Ó pẹ́ tí a ti ríra ni ìtumọ̀ rẹ̀.

5. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́

(i) Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka tọ́ka sí ìjẹta kó tó túmọ̀ rẹ̀.

(ii) Ẹ máa béèrè orúkọ ọjọ́. Àwọn mìíràn ti ń sọ ‘ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn’ lóde òní pẹ̀lú ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọjọ́ nìkan ló lè yanjú rẹ̀.

(iii) Ẹ kọ (4b) àti (5b) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ‘ti’.

(iv) Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ fún un pé òfin méjì ló wà, kó sì mọ èyí tó ń lò.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ipò ‘ago’ kò nira, pé ‘ti’ ló ń fa ‘have’ wọ ibi tí kò yẹ, àti pé ìṣirò ọjọ́ Yorùbá ló ń sọ two di three. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ròyìn rẹ̀ níṣàájú kò sọ ohun tí kò mọ̀. Ó mọ ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ lọ. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni a kò tíì kọ́ ọ bí a ṣe ń kó ọjọ́ náà láti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ti ẹ̀ka Yorùbá náà ni.