Omi Tí Ó Yẹ Fún Ẹ̀rọ Ọkọ̀

Bí a bá bi àwọn awakọ̀ ìgbèríko wa léèrè irú omi tí wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé omi ni omi ń jẹ́. Èmi pẹ̀lú ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ tí ìjọ wa fi ń kó àwọn ìyá lọ sí ọjà dákú lójijì ní àárín Pápáláńtò àti Abẹ́òkúta, ooru omi sì ń rú túú láti iwájú rẹ̀. Ìyá mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí wọn. Ọjà ti tú kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fi ojú yín rí i." Ó ti la rédíétọ̀ náà sí méjì. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti dí pátápátá. Ohun funfun kan ti gan mọ́ wọn lára, ó sì le koko. Orí ẹ̀rọ pẹ̀lú ti wọ́. Owó tí a fi tún ọkọ̀ náà ṣe ju owó ìkórè wa ti ọdún náà lọ. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé awakọ̀ wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní òwúrọ̀ gbogbo ni ó ń yọjú wo rédíétọ̀ náà, omi kànga tí ó mọ́ gaara, tí gbogbo wa ń mu, ni ó sì ń bù sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí omi ń ṣe níbẹ̀. Níbi tí bẹntiróòlù ti ń jó nínú ẹ̀rọ, iná rẹ̀ a máa gbóná ju ìwọ̀n 2,000 ti Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni álúmíníọ́mù tí a fi ṣe orí ẹ̀rọ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní a máa yọ́ ní ìwọ̀n 660. Omi ni ó ń gbà á sílẹ̀. Omi a gba ooru lára irin, a gbé e lọ sí rédíétọ̀ tí ó wà níwájú ọkọ̀, atẹ́gùn a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, omi a sì padà lọ gbé òmíràn. Bí ohun kan bá dínà láàrin omi àti irin, bí ó tilẹ̀ tinrin bí èèpo ẹyin, ooru kò lè kọjá dáradára mọ́, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà.

Níbo ni ohun funfun náà ti wá? Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Omi òjò, nígbà tí ó bá ń rọ̀ bọ̀ láti òkè, kò ní òkúta kankan nínú. Bí ó ti ń rìn gba inú ilẹ̀ lọ ni ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú òkúta tí ó bá pàdé, ó sì ń gbé e lọ láìjẹ́ kí ojú rí i, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti í pòórá nínú ọbẹ̀. Ní agbègbè Ewékorò àti Ṣàgámù, àti ní Onígbólò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òkúta funfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì pọ̀ nínú ilẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí ibẹ̀. Omi kànga tí ó bá gba irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá lè mọ́ lójú, ó lè dùn lẹ́nu, kí ó má sì ṣe ẹni tí ń mu ún ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti mú un, òkúta náà kò lè fara pamọ́ mọ́. Yóò jábọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ẹ̀rọ ọkọ̀ sì rèé, ìkòkò tí a kì í gbé kúrò lórí iná ni.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń dán omi wò, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe méjèèjì. Ẹ bu omi kànga sínú ìgò kan, kí ẹ bu omi òjò sínú èkejì, kí ẹ gé ọṣẹ tí ó dọ́gba sínú wọn, kí ẹ sì mì wọ́n. Èyí tí ó bá hó kùṣùkùṣù ni ó dára. Èyí tí kò hó, tí ó kàn dì bí wàrà tí ó kan, òun ni ó ní òkúta nínú. Ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ gbọọrọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú ti ìfọṣọ, nítorí irú ìyẹn a máa hó nínú omi gbogbo. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ da omi ife kan sínú abọ́ irin tí ó mọ́, kí ẹ gbé e ka iná wẹ́rẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù sí ìdí abọ́ ni ẹ̀rọ yín yóò gbà.

Ohun kan sì wà tí àwọn ènìyàn kì í kíyèsí, òun gan-an ni ó pa ọkọ̀ wa. Bí omi bá di ooru tí ó sì lọ, òkúta àti iyọ̀ inú rẹ̀ kì í bá a lọ; wọ́n a dúró sẹ́yìn. Bí a bá bu omi mìíràn dípò èyí tí ó lọ, a tún bu òkúta ti òní kún ti àná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará etí òkun ṣe ń se iyọ̀ láti ìgbà àwọn baba wa. Nítorí náà ẹni tí ń bu omi sí rédíétọ̀ ní ojoojúmọ́ kò tọ́jú ọkọ̀. Ó ń se iyọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Kí ó wá ibi tí omi ń gbà jáde, kí ó sì dí i. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ata pẹ̀lú, èyí tí a gbé àgbá omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi àgbá náà ń fà lójoojúmọ́, ẹ̀yin sì ń bù kún un. Láti ìgbà dé ìgbà, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ fọ àgbá náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.

Iyọ̀ tún burú ju òkúta funfun lọ, nítorí òkúta a máa dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa jẹ irin. Nínú lítà kan omi òkun, iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 ni ó wà. Omi òkun a sì máa wọ inú ọ̀sà Èkó ní ìgbà ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò bá fà. Ẹni tí ń gbé etí òkun tàbí etí ọ̀sà kò gbọdọ̀ bu omi ibẹ̀ sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ó tọ́ omi kànga rẹ̀ wò kí ó tó lò ó. Wòlíì Èlíṣà fi iyọ̀ wo omi Jẹ́ríkò sàn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iṣẹ́ ìyanu náà lọ sí ìdí mọ́tò.

Nínú gbogbo omi tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, omi òjò ni mo yàn. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọjá ná, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni ó ń fọ̀ kúrò lórí ilé. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé agbada tí ó mọ́ sí gbangba, kì í ṣe sábẹ́ páànù tí ó ti dógùn-ún. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì dé e pinpin kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Omi tí a sọ di ooru, tí a sì mú kí ooru náà tún di omi, dára ju ti òjò pàápàá lọ. Òun ni a ń tà fún bátìrì ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ásíìdì bátìrì pẹ̀lú wà nínú ìgò ní ìsọ̀ kan náà, ó sì mọ́ gaara bí omi. Ẹ ka ara ìgò náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ se omi kànga, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ó sì tòrò, kí ẹ sẹ́ ẹ; púpọ̀ nínú òkúta yóò dúró sí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a kúrò. Omi inú ọ̀rá tí a ń tà lójú pópó, ẹnu ni a ṣe é fún. Kànga ni a ti fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ omi tí ó dára jù lọ, bí ó bá dá wà, a máa mú irin dógùn-ún. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ṣe ní kí a pò ó mọ́ oògùn olómi tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kúláńtì. Nítorí pé ní ilẹ̀ òtútù kì í jẹ́ kí omi dì nínú ẹ̀rọ, àwọn kan láàrin wa ń wí pé kò kàn wá. Wọ́n ṣì í. Ó ní oògùn tí ń dá ìdógùn-ún dúró, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì omi rere ni ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n a ti po òmíràn mọ́ omi láti ilé iṣẹ́ wá. Ìwé ọkọ̀ yín yóò sọ irú èyí tí ó yẹ àti ìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe po irú kan mọ́ òmíràn.

Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù lójú ọ̀nà, ẹ pa á, kí ẹ sì jókòó sábẹ́ igi. Ìdérí rédíétọ̀ a máa há omi mọ́ inú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbóná kọjá 100 láìhó. Bí ẹnìkan bá ṣí i nígbà náà, omi yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bó o lójú. Ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ tó lè dúró lára ìdérí náà. Nígbà náà ni kí ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí omi tútù lè mú kí irin gbígbóná sán bí ìgò. Nínú ìnira, omi odò tí a fi aṣọ sẹ́ lè gbé yín dé ilé. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti da á nù.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kì í ṣe ti ọkọ̀, ti àwọn ọmọ yín ni. Omi kànga wa dára fún ẹnu, kò dára fún ẹ̀rọ. Kúláńtì dára fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹnu, ó sì dùn. Ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́ yóò mu ún bí wọ́n bá rí i. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì ṣe da èyí tí ó gbó sí àgbàlá tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ẹni tí ó bá mu ún lè kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tí ọtí ń pa, lẹ́yìn náà kíndìnrín rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ẹ má sì dúró wò ó nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kí ẹ sì mú ìgò náà dání, kí oníṣègùn lè ka orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.