Jẹun Kí O Tó Gbọ̀nà

BÍBÉLÌ KÍKÀ: 1 Àwọn Ọba 19:3-8

Olùfẹ́, nígbà tí àsìkò ìsinmi bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń lọ bá àwọn ọmọ wọn ní òkè òkun. Láti Èkó sí Atlanta ní Amẹ́ríkà tó bí wákàtí 12 nínú ọkọ̀ òfurufú tí kò yà níbì kankan. Ẹni tí ó bá gba ìlú mìíràn kọjá lè lo ọjọ́ kan gbáko. A máa ń gbàdúrà fún ìrìn àjò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi ààwẹ̀ gbígbẹ kún un. Wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò sùn nítorí ìṣọ́ òru, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wọ ọkọ̀. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ ni.

Wo ohun tí Olúwa ṣe fún Èlíjà. Ó ti rẹ wolíì náà, ó sùn lábẹ́ igi. Oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé wá fún un. Ó jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún jí i láti jẹ sí i, torí ìrìn ogójì ọjọ́ ló wà níwájú rẹ̀. (Ẹnì kan lè sọ pé kò tún jẹun mọ́ lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni áńgẹ́lì se oúnjẹ fún.) Gba ààwẹ̀ rẹ tán kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú gbẹ bí ti ìgbà ọyẹ́, nítorí náà máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa kan kì í fẹ́ mu omi, kí wọ́n má baà yọ ẹni tí ó jókòó tì wọ́n lẹ́nu láti lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Ìrìn yẹn gan-an ni oògùn ẹsẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ló le jù. Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ láìmi ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Èyí tí ó dì náà lè já, kí ó gòkè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ń pani. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ìrìn àjò tí a jókòó sójú kan ju wákàtí 4 lọ ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Kò wọ́pọ̀, bí ẹnì kan nínú 6,000 ni. Ṣùgbọ́n aláboyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Máa dìde rìn ní wákàtí kan tàbí méjì síra. Bí o bá wà lórí ìjókòó, máa gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò. Má lo oògùn oorun. Bí o bá balẹ̀ tán tí ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ tí ó sì ń dùn ọ́, tàbí tí èémí rẹ kò já gaara, sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Òde tí wọ́n fẹ́ mú ọ lọ lè dúró.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, inú báàgì ọwọ́ ni kí ó wà. Àpótí ńlá lè ṣìnà lọ sí ìlú mìíràn.

Wákàtí 5 ni Atlanta fi wà lẹ́yìn Èkó nígbà ooru wọn, 6 nígbà òtútù. Bí o bá jí ní aago 3 òru tí ojú rẹ dá ṣáṣá, má rò pé ọ̀tá ló jí ọ. Ara rẹ gbà pé aago 8 àárọ̀ ti lù ni. Gbàdúrà, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni o, àwọn onílé ní iṣẹ́ láàárọ̀. Ní ọ̀sán, jáde sínú oòrùn, má sì sùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara á bá a mu.

ÀDÚRÀ: Baba, gbogbo àwọn tí wọ́n wà lójú òfurufú láàárọ̀ yìí, mú wọn balẹ̀ ní àlàáfíà, kí àwọn tí ń dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú má ṣe dúró lásán. Ní orúkọ Jésù. Àmín.