Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Bá Tẹ Ibi Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Tí Ń Retí Iṣẹ́ Akọ̀wé Ìjọba

Bí ọmọ bá ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu àwọn òbí jáde ni pé, iṣẹ́ ọba ńkọ́? Kò yẹ kí á bá wọn wí fún èyí. Iṣẹ́ ọba ní owó oṣù, ó ní ìsinmi ọdọọdún, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ohun mẹ́ta tí oko àti ọjà kì í sábà fi ọwọ́ sọ̀yà fún ẹni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin àbúrò wa sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe bí a ti ń rí iṣẹ́ náà gbà, nítorí pé ọwọ́ àwọn tí ìjọba yàn láti gba òṣìṣẹ́ ni èyí wà. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé yín ni ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹ bá ń retí iṣẹ́, àti ohun tí ó yẹ kí ẹ fi ojú sí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ẹnu rẹ̀. Àwọn ìwé tí akọ̀wé tuntun fi ọwọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni yóò máa bá a rìn títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì.

Ìdúró de iṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde, àti àwọn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Modern, fi pọ̀ ju àga tí ó wà ní ọ́fíìsì lọ. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba náà dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé lè rí ibi ṣe àgbẹ̀ ìgbàlódé. Láti ìgbà náà wá, ńṣe ni iye àwọn tí ń dúró ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí a pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ aṣọ́bodè sí ìdánwò ní pápá ìṣeré Àbújá àti ní àwọn ìlú mìíràn, èrò pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí sì lọ sí i. Olúkúlùkù wọn ti san 1,000 náírà kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. A sọ ọ́ kí ó lè yé yín pé fọ́ọ̀mù tí ènìyàn kọ kò tíì di iṣẹ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń ránṣọ má ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́, kí ẹni tí ń bá baba rẹ̀ lọ sí oko má sì ṣe gbé ọkọ́ kọ́ àjà nítorí pé ó ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ọba. Oṣù mẹ́ta lè kọjá, ọdún kan lè kọjá, ìjọba sì lè dá ìgbanisíṣẹ́ dúró pátápátá fún ìgbà kan. Bí àyè bá sì wà, ẹ kọ́ bí a ti ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé tí ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kiri, bí adìẹ tí ń ṣa àgbàdo, kò ní lè bá iṣẹ́ òde òní rìn.

Iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣe ní àkókò ìdúró yìí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí girama yín, ìwé ọjọ́ ìbí yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè àti ìwé báǹkì yín, kí ẹ tẹ́ gbogbo wọn sí orí tábìlì kan náà. Ǹjẹ́ orúkọ inú wọn bá ara mu? Ǹjẹ́ ọjọ́ ìbí inú wọn dọ́gba? Àwa Yorùbá fẹ́ràn orúkọ púpọ̀. Ọmọ kan náà lè jẹ́ Ọládélé ní ilé ẹ̀kọ́, kí ó jẹ́ Délé ní báǹkì, kí ó sì jẹ́ Samuel ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú ìyá rẹ̀, ọmọ kan ni. Lójú ẹ̀rọ tí ń san owó oṣù, ènìyàn mẹ́ta ni. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ ni ọ̀rọ̀ yìí tún kàn jù. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ lọ sí kóòtù kí ẹ búra, ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn bí ó bá yẹ, kí ẹ sì tún un ṣe ní báǹkì. Oṣù tí ẹ kò ní nǹkan ṣe ni ó dára láti ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń gba owó tí ẹ̀yin sì ń sáré kiri kóòtù.

Nípa ti àwọn tí ń ta iṣẹ́, a ó sọ ọ́ ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ mú owó wá kí orúkọ yín lè wọlé, gbájú-ẹ̀ ni, tàbí kí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tí ó fún ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á, àwọn méjèèjì ni ó jẹ̀bi. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí irú wọn ń gbé wá máa ń ní òǹtẹ̀ tí ó tilẹ̀ dán ju ti ìjọba lọ. Bí ìwé kan bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti ibi tí kò dá yín lójú, ẹ gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní orí rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, kí ẹ tó kọ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ tí ìwé gidi bá dé. Inú ilé a dùn, ìyá a máa jó, àwọn aládùúgbò a sì ti máa pe yín ní akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó, kí ẹ̀yin jókòó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìpele tí a gbà yín sí. Ìpele 3 tàbí 4 ni akọ̀wé tí ó ní ìwé ẹ̀rí girama sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. (Ìpele 17 ni ó ga jù, ṣùgbọ́n kò sí ìpele 11 nínú wọn, láti 10 ni a ti ń fò bọ́ sí 12, ó sì ti ya ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́nu.) Ẹ wo ọjọ́ tí a fún yín láti fèsì, kí ẹ sì fèsì ní kíkọ kí ọjọ́ náà tó kọjá. A ó ní kí dókítà ìjọba yẹ̀ yín wò. A ó ní kí ẹ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín wá: ẹ fi hàn wọ́n, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì gbé ojúlówó padà sílé.

Nísinsìnyí ni a dé orí kókó ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí ó wà ní orí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ara hàn ní ibi iṣẹ́, tí ọ̀gá sì fi ọwọ́ sí i pé ó ti dé, ni a fi ń ka ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá kọ ìwé fún ẹni méjì ní ọjọ́ kan náà, tí ọ̀kan wọlé ní oṣù kẹfà tí èkejì sì dúró ṣe ìnáwó ìyàwó títí di oṣù kẹsàn-án, ẹni àkọ́kọ́ ti di àgbà fún un lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéga sì ń tẹ̀lé ọjọ́ wọ̀nyí, nítorí pé ní ìpele 6 sí ìsàlẹ̀, ó kéré tán ọdún 2 ni òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ lò kí a tó lè gbé e ga. Nítorí náà, ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé tí ó fi hàn pé ẹ ti wọlé sí iṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ tí ẹ dé gan-an ni ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ ìbí ni èkejì. Òfin iṣẹ́ ọba sọ pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìn tì bí ó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí bí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. (Òfin ọdún 2022 yọ àwọn olùkọ́ sọ́tọ̀: tiwọn di 65 àti 40.) Ní ìdí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń gé ọjọ́ orí wọn kù nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù, tí àwọn àgbà kan nínú ilé sì máa ń gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tí a bí ní oṣù kẹrin ọdún 2002, tí ó wọ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, yóò pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2061, kí ó tó pé ọmọ 60 ọdún ní oṣù kẹrin ọdún 2062. Ọdún 2061 ni yóò lọ. Bí ó bá purọ́ pé ọdún 2006 ni a bí òun, ọdún 2061 náà ni yóò ṣì lọ. Kò jèrè ọjọ́ kan. Ó kàn ti fi irọ́ sínú fáìlì ara rẹ̀ lásán ni. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún 32 ni ó lè dà bí ẹni pé yóò rí èrè níbẹ̀, nítorí pé ọdún 28 péré ni ó ní láti lò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́, ó wà ní báǹkì, ó sì wà lára nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìwà àìtọ́ ńlá ni yíyí àkọsílẹ̀ padà nínú òfin iṣẹ́ ọba, ó sì tó láti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ ogún ọdún lẹ́yìn tí ó ti ṣe é.

A ó tún fún yín ní ìwé ìbúra láti fi ọwọ́ sí, nípa Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí i bí ẹni ń fi ọwọ́ sí ìwé gbígba aṣọ ẹgbẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ bá kà nínú fáìlì kò gbọdọ̀ dé ọjà. Yíya àwòrán ojú ìwé kan pẹ̀lú fóònù láti fi han ọ̀rẹ́ wà lára rẹ̀.

Owó ńkọ́? Òfin tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 ni ó gbé owó oṣù tí ó kéré jù láti 30,000 náírà sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n kí orúkọ akọ̀wé tuntun tó wọ inú ìwé owó oṣù lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ múra owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ìgbà náà sílẹ̀, kí ẹ má sì ṣe jẹ gbèsè elélé. Bí owó àwọn oṣù tí ó ti kọjá bá wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, a máa pa ènìyàn bí ọtí. Àwọn àgbà tí ó rántí owó Udoji ọdún 1975 lè sọ fún yín bí ó ti ń ṣe ènìyàn, àti bí ó ti tètè ń tán. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, níbi tí ètò òfin ọdún 2014 ti ń ṣiṣẹ́, ó kéré tán 8 nínú 100 ni a ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́, ìjọba a sì fi 10 kún un. Bí owó tí a fi ń ṣírò bá jẹ́ 80,000 náírà, 6,400 ni tiyín, 8,000 ni ti ìjọba, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 14,400 lóṣooṣù. Ẹ̀yin fúnra yín ni òfin ní kí ẹ yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín yàn án.

Yàrá tí a ń tọ́jú fáìlì sí ni akọ̀wé tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìyà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ibi tí a ti lè tètè mọ bí ìjọba ti ń ṣiṣẹ́ tó ibẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, a ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó dé mọ́ ọn, a ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, a ó wá fáìlì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, a ó fi okùn so ó mọ́ inú rẹ̀, a ó sì fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀ lókè. Bí ọ̀gá bá kọ “B.U.” pẹ̀lú ọjọ́ kan, ó fẹ́ kí ẹ tún gbé fáìlì náà wá fún òun ní ọjọ́ náà. “K.I.V.” ni pé kí ẹ máa fi ojú sí ọ̀rọ̀ náà. “P.A.” ni kí ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ bi ìyá tàbí baba tí ó ti pẹ́ ní yàrá náà, kódà bí ó bá jẹ́ másínjà: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni a ń kọ èyí sí?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí fáìlì bá ń jáde, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ń lọ bá àti ọjọ́ rẹ̀ sí ara èèpo rẹ̀ àti sínú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kejì ni ó ń lọ. Akọ̀wé tí kò kọ ọ́ kì í mọ ohun tí ó ṣe. Opó òṣìṣẹ́ kan lè ti abúlé wọ ọkọ̀ wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti béèrè owó ọkọ rẹ̀ tí ó kú, kí a sì máa dá a padà pé a kò rí fáìlì, nígbà tí fáìlì náà wà lábẹ́ ìwé mìíràn ní orí tábìlì ọ̀gá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìlà kan tí akọ̀wé kò kọ ni ó fa gbogbo ìrìn-àjò náà.

Ọdún 2 ni a fi ń dán akọ̀wé tuntun wò kí a tó fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gá yóò kọ ìròyìn nípa rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi a ó sì dán an wò lórí òfin iṣẹ́ ọba àti òfin ìnáwó. Àwọn kan jẹ́ kí ọdún náà kọjá láìbéèrè, wọn a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní ọjọ́ ìgbéga pé a kò tíì fi ìdí wọn múlẹ̀. Bí ó bá ku oṣù kan tàbí méjì kí ọdún 2 pé, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín lórí rẹ̀. Ẹ ní fáìlì tiyín nílé pẹ̀lú: kí ìwé ìgbanisíṣẹ́, èsì tí ẹ kọ, ìwé dókítà, ìwé ọjọ́ tí ẹ wọlé, ìwé ìfìdímúlẹ̀ àti nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.