Kí Ẹ Tó Fi Ẹ̀rọ Awárin Gbẹ́ Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ láti máa fi najú lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni ìkìlọ̀ yìí ń bá wí. Fàájì tó dára ni. Ó ń múni rìn, ó ń múni mọ ìtàn, kò sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀rọ awárin lè sọ fún yín kò ju pé irin wà níbí lọ. Kò mọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò mọ òfin, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun ọ̀ṣọ́ àti àdó olóró. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e dání lẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀nyí, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni irinṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń gbóòórùn wúrà láti ọ̀nà jíjìn, tó jẹ́ pé ọwọ́ ìdìmú àti eriali tó ń yí kiri ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ní àwo roboto nísàlẹ̀, àwo yẹn sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Bí owó onírin kan bá jìn ju ínǹṣì 6 sí 8 lọ, agbára káká ni ẹ̀rọ kékeré fi lè gbọ́ ọ. Irú ayédèrú elériali bẹ́ẹ̀ ló mú kí ilé ẹjọ́ ní London rán oníṣòwò kan, James McCormick, lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní ọdún 2013. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ohun ìṣeré tí wọ́n ní ó ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tí owó rẹ̀ kò tó 20 dọ́là, ó fi ṣe àwòkọ́ ẹ̀rọ awábọ́ǹbù, ó sì tà á fún ìjọba Iraq ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Eriali tó ń yí lásán ni.

Bí ẹ bá dórí pápá, ẹ máa fi àwo náà gbálẹ̀ lọ, gbálẹ̀ bọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má gbé e sókè bó ṣe ń dé ìparí. Ìṣó tó ti dípẹtà sábà máa ń dún kíkẹ̀, fàdákà àti bàbà máa ń dún gooro. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Etí agolo kóòkì àti òrùka wúrà lè mú nọ́ńbà kan náà wá lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti yí i pé kó má dún fún etí agolo mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti pa á lẹ́nu mọ́ fún òrùka pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń wá òrùka yóò hú etí agolo títí, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn. Pápá tí ẹ rí láìní ọgbà lára ní olúwa rẹ̀. Ẹ lọ bá a, kí ẹ gba àṣẹ ní kíkọ sílẹ̀, kí ìwé náà sì sọ bí ẹ ó ṣe pín ohun tí ẹ bá rí. Àṣẹ àgbẹ̀ tó kàn háyà ilẹ̀ kò tó. Ẹni tó ni ín gan-an ni kó fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pákì, ẹ bi káńsù. Tó bá jẹ́ etí odò Thames, láìsí ìwé àṣẹ Port of London Authority, ẹ kò gbọdọ̀ wá nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí ìjọba bá sì ti kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ibi ìtàn, òfin ọdún 1979 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti lo ẹ̀rọ yìí níbẹ̀ láìgbàṣẹ ìjọba, bí onílẹ̀ tilẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fi òru bojú lọ gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, olè ni wọ́n máa pè é.

Bí ẹ bá wá rí nǹkan ńkọ́? Ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má fọ̀ ọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ á ha á. Ní England, Wales àti Northern Ireland, òfin Treasure Act ti ọdún 1996 ní kí ẹ kéde ìṣúra fún coroner (ẹni tó ń ṣèwádìí ìṣúra) láàárín ọjọ́ 14. Lára ohun tó ń jẹ́ ìṣúra ni ohun èlò tó ti tó 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà ara rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, àti owó wúrà tàbí fàdákà méjì sókè tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n jọ wà lójú kan. Ní England àti Wales, òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme tó wà ní agbègbè yín, ìyẹn ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí, á fọ̀nà hàn yín. Òfin ti Scotland yàtọ̀, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹni tó rí ìṣúra Staffordshire ní ọdún 2009, ẹ̀rọ àlòkù ló lò. Ó kéde rẹ̀, òun àti onílẹ̀ sì pín £3.285 mílíọ̀nù. Ní ọdún 2015, àwọn ọkùnrin méjì rí ìṣúra mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Leominster, wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù pa mọ́, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2019, adájọ́ rán ọ̀kan lẹ́wọ̀n ọdún 10, ó rán èkejì ní ọdún 8 àbọ̀, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn.

Ewu tó ju ẹ̀wọ̀n lọ náà wà nínú ilẹ̀. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ṣì wà káàkiri. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n rí èyí tó wúwo tó 500 kílò ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Plymouth, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì sá kúrò nílé. Bí ohun tí ẹ kàn bá jọ ọta, bọ́ǹbù tàbí ohun tó rí gbọọrọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má gbé e. Ẹ fi àmì síbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ pe 999.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtigbé ẹ̀rọ yín wálé, ẹ dúró gbọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 sọ wúrà inú ilẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Òfin National Commission for Museums and Monuments kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum títí di òní. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tiyín tún kó òmíràn lọ.

Bí àṣẹ kò bá tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ̀yìnkùlé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ri ìṣó, etí agolo, owó onírin àti òrùka síbẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ kọjá lórí wọn títí ẹ ó fi mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ilé náà bá sì jẹ́ èyí tí ẹ háyà, ẹ kọ́kọ́ bi lándílọ́ọ̀dù.