Owó Oúnjẹ Ilé Nígbà Tí Bàálé Kò Fẹ́ Bá Wa Ṣírò

Ẹ̀kọ́ ti oṣù mẹ́ta yìí kò ní ọ̀rọ̀ ńláńlá nínú. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni, àti ti bàálé tó ń wò wá lójú nígbà tí ìkòkò náà kò bá kún. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn abúlé oko tó yí wọn ká, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde ní ìpàdé. Obìnrin kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ pé owó tí ọkọ òun ń fi sílẹ̀ kò tó. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Yóò mú nínú owó òwò rẹ̀ dí i. Lónìí ó mú owó gàrí, lọ́la ó mú owó ẹja, nígbà tí oṣù yóò bá fi parí, àtẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bàálé ní tirẹ̀ gbà pé owó tí òun ń fi sílẹ̀ tó. Ṣebí gbogbo ilé jẹun?

Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí a dúró sí. Ọkùnrin tí à ń pè ní olóríkunkun lórí owó oúnjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọ iye tí nǹkan ń jẹ́ lọ́jà. Ẹni tó bá ń dí ihò náà ní ìkọ̀kọ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó mọ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Olùkọ́ ni wá, ìfẹ̀yìntì kò gba ẹfun lọ́wọ́ wa. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Owó ọkọ̀ gòkè, owó tí wọ́n fi ń kó ẹ̀wà àti tòmátì wá láti Òkè Ọya gòkè pẹ̀lú. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń ka irú nǹkan wọ̀nyí, NBS, sọ pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ 1,000 náírà ti di bí 1,409. Bí bàálé kan bá wá ń fi 15,000 náírà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ọdún 2023, tí kò sì fi kọ́bọ̀ kún un, ohun tí owó náà lè rà ní ọdún 2024 kò ju ohun tí bí 10,650 náírà ń rà tẹ́lẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò dín owó kankan kù, iye kan náà ló ń kà sí wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí i bí a bá ní kò tó. Lóòótọ́, iye oúnjẹ mìíràn wálẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tó wà ṣáájú ọdún 2023.

Ohun tí yóò fi èyí hàn án ni ìwé. Kí a ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, kí a sì kọ gbogbo ohun tí a bá rà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko sínú rẹ̀: ọjọ́, ohun tí a rà, iye rẹ̀, àti ẹni tó sanwó. Ibi ẹni tó sanwó yìí ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ owó òwò wa ni, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Ata ogún náírà àti iyọ̀ pẹ̀lú, kí a kọ wọ́n. Ìyá tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ọmọ tó wà ní ìwé kẹrin tàbí ìkarùn-ún máa bá a kọ ọ́. Yóò mọ ìṣirò sí i. Kí a sì ní kóńgò tiwa nílé tí a ó máa fi wọn ẹ̀wà àti gàrí tí a bá gbé dé, nítorí àwọn kóńgò kan wà lọ́jà tí wọ́n ti lu ìdí wọn wọlé.

Nígbà wo wá ni kí a gbé ìwé náà síwájú bàálé? Ẹ ka Samuẹli Kìíní orí 25. Nábálì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àgùntàn, síbẹ̀ ó fi oúnjẹ du àwọn tó ṣọ́ ohun ìní rẹ̀. Abigaili aya rẹ̀ ló ṣètò búrẹ́dì, ẹran àti àgbàdo yíyan tí ó fi gba ilé náà là. Lóòótọ́, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ kí ó tó lọ, nítorí àwọn onídà ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tiwa kò tíì dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe nígbà tó padà dé. Ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí àsè, ọtí ti pa á, kò sì sọ ohunkóhun fún un títí ilẹ̀ fi mọ́. (Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nábálì lẹ́yìn náà, a kò gbàdúrà rẹ̀ fún ọkọ ẹnikẹ́ni.) Kì í ṣe alẹ́ tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí àwo sì wà níwájú rẹ̀, ni à ń sọ ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Kì í ṣe ojú àwọn ọmọ tàbí ojú ìyá ọkọ pẹ̀lú. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò lọ sóko dára. Kí a kúnlẹ̀ bí a ti ń ṣe, kí a ní: “Bàbá Táíwò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí. Mo ti kọ ohun tí a jẹ láti oṣù tó kọjá. Ẹ wo ibi tí ẹ rò pé a lè gé kù.” Kí a wá dákẹ́ kí ó kà á. Ìdákẹ́ yìí le ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ fún ọ̀pọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi ẹran ni ojú yóò dé. Ká sọ pé ègé ẹran kan jẹ́ 600 náírà, bàálé sì ń jẹ méjì lálaalẹ́. Ó di 1,200 lóòjọ́, 8,400 lọ́sẹ̀. Nínú 15,000, ó ku 6,600 fún iṣu, gàrí, epo, ata àti ohun ìdáná fún gbogbo ilé, èyí tí kò tó 950 náírà lóòjọ́. Àpẹẹrẹ nìyí, kí olúkúlùkù fi iye ọjà tirẹ̀ sí i. Ọkùnrin tó bá fojú ara rẹ̀ rí i pé àwo òun nìkan gba ju ìdajì owó lọ, ó ṣòro kí ó máa wí bí ó ti ń wí tẹ́lẹ̀. Kí a má sọ pé kí ó má jẹ ẹran mọ́. Kí a ní kí ó yàn: owó rèé, ọjọ́ méje rèé, ọjọ́ wo ni kí ó jẹ́ ẹran, ọjọ́ wo ni kí ó jẹ́ ẹ̀wà tàbí egúsí pẹ̀lú ẹja gbígbẹ? Bákan náà ni ti iyán. Ta ni yóò sọ pé kí ará Èkìtì má jẹ iyán? Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún títí iṣu tuntun yóò fi dé, iṣu máa ń wọ́n. Kí ó yan alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún iyán, kí àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ẹ̀bà tàbí àmàlà. Ẹ sì lè gún kókò mọ́ iṣu, kókò tí à ń jẹ o, kì í ṣe kòkó tí à ń tà. Ohun tí ọkùnrin bá fi ẹnu ara rẹ̀ yàn, kì í sábà jà lé e lórí.

Àwọn ọmọ ni ẹran yìí ń pa lára jù. Ọmọ tó ń dàgbà nílò ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ju bàbá lọ, síbẹ̀ omi ọbẹ̀ ni à ń bù fún un. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. A kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ebi ń pa ni a rí tí wọ́n ń jí oúnjẹ ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Bí bàálé bá fi ègé kan sílẹ̀ nínú méjì, 4,200 náírà ló wọlé lọ́sẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa. Kí a kọ sínú ìwé pé àwọn ọmọ ló lọ sí, kí ó lè rí i.

Nǹkan kejì tí a gbọ́dọ̀ bá a sọ ni àsìkò. Owó kòkó sábà máa ń wọlé láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní. Ní ọdún 2024, iye kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, owó àwọn mìíràn sì ti di ọ̀kadà àti ayẹyẹ. Àsìkò kan náà ni iṣu àti ẹ̀wà tuntun pọ̀ lọ́jà. Bí ó bá ń fi díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó san ti ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Epo pupa ní tirẹ̀, oṣù kẹta àti ìkẹrin ni kí a rà á pamọ́.

Ẹ̀wà kò ṣòro láti tọ́jú. Kí a sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí a rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí a dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò kú, nítorí kò ní rí atẹ́gùn mí. Kí a má ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà jíjẹ. Nítorí ewu dichlorvos ni NAFDAC fi fòfin de títà á nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019.

Bí ó bá jẹ́ pé bàálé ń gbé ọwọ́ sókè, tàbí ó ń fi oúnjẹ du aya àti ọmọ láti fi jẹ wọ́n níyà, ọ̀rọ̀ ìwé kékeré kọ́ nìyẹn. Òfin tó de ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ọdún 2011. Kí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ má dá a gbé. Kí ó sọ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run tàbí alága wa ní ìkọ̀kọ̀, kí a sì bá a dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin.

Ẹgbẹ́ tó bá lè ṣe é, kí ẹ dá owó jọ ra àpò ẹ̀wà ní oṣù kejìlá. Kí ẹ gbé kóńgò kan ṣoṣo sí àárín, òun ni kí ẹ fi wọ̀n fún gbogbo ènìyàn, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ àwọn bàálé tó sanwó sílẹ̀. Bàbá tó bá gbọ́ pé ti aládùúgbò òun ti san, ó lè má pẹ́ kí ó tó béèrè iye tí òun yóò mú wá.