Ètò Ni Wi-Fi Ilé-Ẹ̀kọ́ Ń Fẹ́

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí a bá ń jíròrò ẹ̀bùn àyájọ́, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé kí a ra íntánẹ́ẹ̀tì tí ó túbọ̀ yára fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Òkè-Fìà. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ètò, owó náà lè ṣòfò.

Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí ìkànnì Wi-Fi kan ni ó ń pín afẹ́fẹ́ kan náà lò. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù yóò tẹ́tí, wọn yóò sì dúró. Bí méjì bá jùmọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ṣe rọ ìjọ Kọ́ríńtì pé kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2005, àjọ IEEE fọwọ́ sí ìlànà 802.11e, tí ó pín iṣẹ́ orí Wi-Fi sí ipò mẹ́rin: ohùn ni ó ṣáájú, fídíò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ gbogbogbòò, iṣẹ́ tí ó lè dúró ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ipò kì í sọ afẹ́fẹ́ di púpọ̀. Bí fíìmù àti fídíò ẹ̀kọ́ bá jọ wà ní ipò kan náà, àwa ni yóò pinnu èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí a fi okùn so àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB; èyí yóò yọ̀ǹda afẹ́fẹ́ fún àwọn yòókù. Èkejì, kí a fi òdiwọ̀n sí ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè fà ní àkókò ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta, kí a tọ́jú ìwé àti fídíò ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní ọdún 2013 ti fi èyí hàn wá: ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀ láìsí pé ọmọ ń wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri.

Ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dúró lójú ọ̀nà, kò mọ iye tí a san. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ òun já. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.